Irúgbìn Tí Mo Pààrọ̀ Lóru: Ìrírí Mi Nínú Kíkọ́ Ọmọ Nílé

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọbìnrin mi nílé, agogo ni mo fi ń pè é wá sí kíláàsì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, èmi àti òun nìkan ni a sì wà nínú yàrá náà, síbẹ̀ mo gbé pátákó ìkọ̀wé kọ́ ara ògiri, mo lẹ àtẹ àkókò iṣẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo sì ń lu agogo kékeré kan ní aago mẹ́jọ àárọ̀ bí ẹni pé igba ọmọ ló ń sáré bọ̀ láti pápá. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó bímọ, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni mo gbé wọlé. Mo máa ń fi wákàtí méjì gbáko sọ̀rọ̀ lórí ìdúró, ọmọ náà á sì jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, á máa wo ẹnu mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, mo bi í pé kí ni a ti kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ní kí n má máa mi ẹsẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Ọmọ náà ti pé ọdún méje ààbọ̀, ó ń kàwé, ó ń ṣírò, ó sì ń rán aṣọ fún ọmọláńgidi rẹ̀. Àwọn ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ju àwọn ibi tí a ti ṣàṣeyọrí lọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí nǹkan kọ́. N kò sì kọ ọ́ láti bu ẹnu àtẹ́ lu ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló bọ́ mi fún ọdún mẹ́jọ, mo sì mọ iye ọmọ tí ó ti ṣe lóore níṣojú mi.

Kí ẹnikẹ́ni tó dáwọ́ lé irú nǹkan báyìí, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ibi tí ó ń gbé wí. Ní Jámánì, òfin ní kí ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òbí kò sì lè ṣàdédé fi ẹ̀kọ́ ilé rọ́pò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ti fàyè gbà á láti 1993, ṣùgbọ́n ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń béèrè lọ́wọ́ òbí kì í ṣe ohun tí èkejì ń béèrè. Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn, n kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ nípa rẹ̀.

Gígùn ẹ̀kọ́ ni mo kọ́kọ́ gé. Charlotte Mason, olùkọ́ kan tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní 1842 tí ó sì kú ní 1923, gbà pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò yẹ kí ó máa kọjá 20 ìṣẹ́jú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo rò pé ọ̀nà àtikẹ́ ọmọ bàjẹ́ ni. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkùnsínú, mo sì rí i pé ohun tí n kò lè parí ní wákàtí méjì ń parí ní ìṣẹ́jú 15, torí pé ọmọ náà mọ̀ pé ó máa tó tán, ó sì ń fi gbogbo ara gbọ́. Mo ká agogo kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e. Òun náà ló gbà á, ó fi ṣe agogo ẹnu ọ̀nà fún ilé páálí tí ó kọ́ fún ọmọláńgidi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí iṣẹ́ olùkọ́ ti sọ di ohun ẹ̀rù fún mi, ìyẹn ni ìdánwò. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni gbọ̀ngàn tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, ìwé ìbéèrè tí a dojú rẹ̀ dé lórí tábìlì, àti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnu ọmọ mi ni mo ti wá gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí ní ti gidi. Mo ti gbé ẹyin kan àti ife omi kan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti sọ fún un pé ẹyin tútù máa ń rì sínú omi lásán, ṣùgbọ́n pé bí iyọ̀ bá pọ̀ tó nínú omi náà, ẹyin á léfòó. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nígbà tí ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ dúró ná, Màmá, ẹ jẹ́ ká dán an wò.” Ó bu ṣíbí kékeré kan, ó rò ó, ẹyin kò mira. Ó bu èkejì, ó bu ẹ̀kẹta. Ní ṣíbí kẹfà, ẹyin náà gbé ìdí díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ife, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró lágbedeméjì omi bí ẹni tí kò tíì mọ ibi tí òun ń lọ. Ọmọ náà kò pariwo. Ó gbé ojú sún mọ́ ife títí èémí rẹ̀ fi bò ó lára, ó wá rọra fi ìdajì ṣíbí kún un. Ẹyin jáde sójú omi.

Kí a dán nǹkan wò kí a lè mọ bí ó ti rí, ìdánwò náà nìyẹn, a sì ti gbàgbé. Ohun tí a ń bi léèrè ni yóò fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ní ọjọ́ kejì ló tó bi mí pé kí ni iyọ̀ ṣe fún omi, mo sì ti kọ́ ọgbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn, n kò dá a lóhùn. Mo ní kí a wá òṣùwọ̀n. Hángà aṣọ, òwú àti ideri ike méjì tí ó dọ́gba ni a fi ṣe é, a gbé hángà náà kọ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn, ó wá bu omi lásán kún ideri kan, ó sì bu omi iyọ̀ kún èkejì. Ọ̀dọ̀ omi iyọ̀ ni hángà náà tẹ̀ sí. Ó wò ó títí, ó ní, “Omi yìí ti wúwo ju ẹyin lọ.” Ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà gún régé, nítorí omi tí ó tóbi tó ẹyin ni ó yẹ kí ó fi wé ẹyin, ṣùgbọ́n n kò rí olùkọ́ tí ó máa gbọ́ èyí lẹ́nu ọmọ ọdún márùn-ún kí inú rẹ̀ má dùn.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ọwọ́ lè tètè kọ́ ọmọ o. Mo bu omi sí ife méjì tí ó dọ́gba lójú rẹ̀, ó gbà pé wọ́n dọ́gba. Mo da ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, mo bi í pé èwo ló pọ̀ jù, ó ní ti ìgò ni. Mo ṣàlàyé. Mo da omi náà padà sínú ife, mo tún dà á sínú ìgò, mo tún ṣàlàyé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó wo ojú mi, ó ní, “Ó dọ́gba.” Inú mi dùn títí di ọjọ́ kejì, tí mo lo ìgò mìíràn, tí ó tún ní ti ìgò ló pọ̀ jù. Mo bínú, mo tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ kọ síbí. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń ronú, mo sì rí i pé irú omi yìí gan-an ni òun náà bù fún wọn. Gíga omi ni ojú ọmọ kékeré máa ń mú, kì í tíì lè fi fífẹ̀ rẹ̀ ṣe ìṣirò pọ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí ọmọ ọdún méje ni ọ̀pọ̀ wọn tó ń mọ̀ pé ohun tí a dà láti inú ife kan sí òmíràn kò lé, kò sì dín. Ohun tí àlàyé mi ẹlẹ́ẹ̀mẹrin kọ́ ọmọ mi, nígbà náà, ni ìdáhùn tí ó ń mú kí ojú Màmá tú ká.

Mo kó ife, ìgò àti rọ́bà ìfami sílẹ̀ fún un nílé ìwẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀ nípa wọn mọ́. Oṣù bíi mẹ́rìnlá kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ó ń pè mí láti inú ibi ìwẹ̀, mo sáré lọ, mo rò pé ó ṣubú ni. Ó gbé ìgò sókè, ó ní, “Màmá, omi yìí kàn ń tàn wá jẹ ni. Ó na ara rẹ̀ ni, kò pọ̀ sí i.”

Nípa ìwé kíkà, mo rò pé n kò ní ìṣòro kankan, nítorí kí ó tó pé ọdún mẹ́fà ló ti ń ka ìwé ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó ń fi ìka tọ ìlà lọ. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ó ń kà á fún bàbá rẹ̀, ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra nítorí gọ́ọ̀mù tí ó ti kán sí i, ó ṣí méjèèjì pọ̀, ó sì ń bá “ìwé kíkà” rẹ̀ lọ: ó ka ojú ewé tí kò ṣí, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè wò mí. Ó ti há ìwé náà sórí láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ìkẹyìn, àwòrán ló sì ń rán an létí ibi tí ó dé. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán, mo ní kí ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré fún mi, kò mọ ọ̀kankan.

A padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tí ó ṣí ilé àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Róòmù ní 1907, máa ń gé lẹ́tà láti ara sáńpépà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí ọmọ lè fi ìka tọ ọ́ bí ẹni tí ó ń kọ ọ́, kí ó sì máa pe ìró rẹ̀. Mo gé lẹ́tà ábídí Yorùbá márùndínlọ́gbọ̀n, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe é, ìka mi sì bó. Àwọn tí ó ní àmì nísàlẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ, ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ju àwọn yòókù lọ, torí pé ìka rẹ̀ máa ń bá nǹkan pàdé nísàlẹ̀ wọn. “Gb” nìkan ló fún un ní wàhálà. Ó ní èéṣe tí lẹ́tà méjì fi ń pe ara wọn ní ẹyọ kan, n kò sì rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àmì ohùn ni mo ń bẹ̀rù jù, nítorí mo mọ àgbàlagbà tí ó kàwé gan-an tí kò lè fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé sí wa lórí yà mí lẹ́nu. Ife onígíláàsì mẹ́ta ni a ń fi ṣíbí lù nígbà òjò ọjọ́ kan, omi inú wọn kò dọ́gba. Ọmọ náà ti ní ife tí omi kún ni ohùn rẹ̀ máa lọ sókè jù, torí pé omi rẹ̀ ló ga jù; a dán an wò, òun gan-an ló lọ sílẹ̀ jù. (Omi tí ó wà nínú ife ló ń jẹ́ kí gíláàsì wúwo láti gbọ̀n, bí ó bá sì ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.) Mo kàn sọ ọ́ lásán pé ìwọ̀nyí jọ dò, re, mí. Ó dúró. Ó lu ife àárín, ó lu ife tí omi kún, ó ní, “Ọkọ̀.” Ó tún lu ti àárín, ó lu èyí tí omi rẹ̀ kéré jù, ó ní, “Ọkọ́!” Láti ìgbà náà, ó di eré àṣedabọ̀ láàárín wa: èmi á lu ife, òun á sọ ọ̀rọ̀, òun á lu ú, èmi á sọ ọ́. Ó lu ti omi kíkún lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ọ̀kọ̀; ó lu ti àárín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Bàbá mi nìyẹn, ọkọ yín.” Nígbà tí ó wá bá àwọn àmì náà pàdé lórí ìwé, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń wí kí ó tó mọ orúkọ wọn.

Ìwé tí ó fẹ́ràn jù lónìí kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Bébà mẹ́rin tí a ṣẹ́ po, tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán láàárín, ni. Orí òjìji ló kọ ọ́ lé. Ó dúró sójú kan náà níta ní aago mẹ́jọ, ní aago méjìlá àti ní aago mẹ́rin, mo sì ń fi ẹfun fa ìlà yí òjìji rẹ̀ ká. Ó retí pé òjìji tirẹ̀ kò ní kúrò nínú ìlà, nítorí òun kò kúrò lójú ibi tí òun dúró sí. Nígbà tí ó rí i ní ọ̀sán pé òjìji náà ti kúrú, tí ó sì ti yà kúrò nínú ìlà àárọ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìlà, ó ní, “Ilẹ̀ ló yí kúrò.” Mo ti fẹ́ sọ fún un pé rárá o, oòrùn ló rìn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi kí n tó rántí pé ilẹ̀ ló ń yí ní tòótọ́, àti pé èmi tí mo lọ sí ilé ìwé ni mo fẹ́ fi irọ́ tún òtítọ́ ọmọdé ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ti ṣe ọmọ mi ní àìdáa fún ìgbà pípẹ́ jù lọ, mo sì ń rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ó máa ń gé bébà wọ́gọwọ̀gọ, èmi á sì gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀ “kí ó lè rẹwà,” lẹ́yìn náà màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀kan nínú wọn wá kí wa, ó yin ẹja bébà kan tí ó wà lára ògiri. Ọmọ náà dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Iṣẹ́ Màmá ni, mà. Èmi ni mo ṣe ojú rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kì í kan iṣẹ́ rẹ̀ àfi tí ó bá pè mí, tàbí tí mo bá rí i pé ó fẹ́ gé ara rẹ̀. Ara ògiri wa kò rẹwà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ti gba kámú.

Ohun tí mo rí gbà nínú rẹ̀ ju ẹwà lọ. Ó ń fi páálí ṣe àpótí tí ó ní ideri, ó wọn ìdí àpótí náà pẹ̀lú rúlà, ó gé ideri sí ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́, ó sì tẹ etí rẹ̀ sílẹ̀. Ideri kò wọ̀. Ó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n pé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ti etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, páálí ya. Ó jókòó tì í, ojú rẹ̀ fà ro, mo sì jẹ́ kí ó jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ara ló ń yún mi. Ó pẹ́ kí ó tó gbé etí páálí náà sójú, kí ó sì rí i pé páálí fúnra rẹ̀ ní nínípọn, àti pé ohun tí yóò bo nǹkan mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìyẹn tóbi jù ú lọ. Montessori máa ń fẹ́ kí ohun èlò ọmọ jẹ́ irú èyí tí yóò fi àṣìṣe han ọmọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé àgbà la ẹnu. Páálí lásán ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà ṣe irú rẹ̀ fún ìṣirò. Ogún òkúta ló tò sílẹ̀, mo ní kí ó ka ẹẹ́rìndínlógún fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó dúró lójijì, ó fi ẹnu tú ọ̀rọ̀ náà, “ẹ̀rin, dín, lógún,” ó wá fa òkúta mẹ́rin sẹ́yìn kúrò nínú ogún, ó ní ìyókù nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń ka oókan dé ogún, n kò sì fetí sí i rí pé títí dé ẹẹ́rìnlá ni a ń fi kún ẹ̀wá, àti pé láti ẹẹ́dógún lọ ni a ti ń yọ kúrò nínú ogún. Nínú orúkọ nọ́ńbà wa ni ọmọ náà ti kọ́ àròpọ̀ àti àyọkúrò.

Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rárá, tí ó rẹ̀ mí, tí ọmọ náà sì ń sun ẹkún nítorí pẹ́ńsù. N kò ní ọgbọ́n kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ju kí a pa ìwé dé, kí a jáde síta lọ. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà le: màmá kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí ó ṣeré tó, a sì ní láti wá ọmọ mìíràn tí wọ́n á jọ máa jà, tí wọ́n á sì jọ máa parí rẹ̀. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi òòfà kọ́ ọmọ, kí ó lo èyí tí ó tóbi tí kò ṣeé gbé mì, nítorí òòfà kékeré méjì tí ọmọ bá gbé mì lè fa ara wọn nínú ìfun, kí wọ́n sì dá a lu.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni ó kù, òun ni n kò fẹ́ràn láti sọ.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Ó yan hóró ẹ̀wà márùn-ún fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n sórí òwú nínú ife tí a lè rí inú rẹ̀, ó sì ń bu omi díẹ̀ sí wọn ní àràárọ̀. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, èmi náà á bu díẹ̀ sí i, nítorí mo rò pé tirẹ̀ kò tó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣí ife náà lóru, òórùn kọ lù mí: gbogbo ẹ̀wà ti jẹrà. Bí olùkọ́ àtijọ́ kan ṣe máa ń ṣe, mo ti gbin òmíràn sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé ìdáná, bóyá nǹkan á ṣe. Mo da ti ọmọ nù, mo tún òwú rẹ̀ ṣe, mo sì to márùn-ún tí ó ti yọ gbòǹgbò funfun sínú ife rẹ̀. Mo sùn dáadáa. Mo rò pé mo ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìbànújẹ́.

Ní àárọ̀, kò fò, kò pariwo. Ó jókòó ti ife náà pẹ́ títí, ó wá lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá. N kò mọ̀ pé ní ọjọ́ tí ó gbìn wọ́n, ó ti ya ẹ̀wà márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ní àpá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ṣẹ́ létí, ọ̀kan wúnjọ bí ìka tí ó pẹ́ nínú omi. “Èyí kì í ṣe tèmi,” ni ó wí. Mo ní bóyá wọ́n yí padà nígbà tí wọ́n ń hù. Ó wo ìwé, ó wo ife, ó sì wò mí. “Màmá, ṣé ẹ̀wà máa ń pa àpá rẹ̀ rẹ́ ni?”

Mo jẹ́wọ́. Mo mú un lọ síbi tí mo da àwọn tirẹ̀ nù sí, a fi igi kékeré ṣà wọ́n jáde, a tò wọ́n sórí bébà. Ó la ọ̀kan, inú rẹ̀ ti di kẹ̀rẹ́bẹ́tẹ́, ó di imú mú, síbẹ̀ ó ya wọ́n sínú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán àkọ́kọ́, ní títẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí ó yà á tán, ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹ̀wà mi tí ó dára kò lè mú wá láéláé: “Kí ló pa wọ́n?”

Ife mẹ́rin ni a fi wádìí rẹ̀. Èkíní kò ní omi rárá, òwú èkejì tutù níwọ̀nba, ẹ̀kẹta kún fún omi títí omi fi bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀, ẹ̀kẹrin tutù bíi ti èkejì ṣùgbọ́n a gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ṣókùnkùn. Ti èkejì hù ní ọjọ́ kẹta. Èkíní wà bí a ṣe fi í. Ẹ̀kẹta wú, omi rẹ̀ dí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ti fi dá mi lójú pé ti inú òkùnkùn máa kú; nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ga ju ti ìta lọ, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, orí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé ẹ̀wà kò nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù, àmọ́ ó nílò rẹ̀ kí ó tó di àwọ̀ ewé kí ó sì lágbára, àti pé afẹ́fẹ́ ni mo fi omi mi dí mọ́ àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ nínú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: “Omi Màmá ló pa wọ́n.” N kò ní kí ó pa á rẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó tún bi mí bóyá gbòǹgbò á lọ sókè bí a bá yí ẹ̀wà tí ó ti hù dojú dé. Mo mọ ìdáhùn, mo sì lọ bá a wá ife. Ó to ẹ̀wà rẹ̀, ó yí wọn, ó ya wọ́n, ó sì fi òwú so bébà kékeré kan mọ́ ọrùn ife náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà, gbogbo àmì ohùn rẹ̀ pé: “Màmá, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ o.”